Àlọ́ Kò Sọnù
Ní Tchaourou, a fi BIOS tuntun sí kọ̀ǹpútà tí a kó ohùn àwọn àgbà Ṣábẹ̀ sí. Bí a ti tún un tàn, Windows kò jí mọ́. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní kí a pa gbogbo ohun inú díìsìkì rẹ́. A kọ̀ jálẹ̀. Ta ni yóò tún àlọ́ wọ̀nyẹn pa fún wa?

A wọ inú BIOS: díìsìkì ṣì wà níbẹ̀! Ètò rẹ̀ ló yí padà. AHCI ti di RAID. (Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ máa kọ ètò yín sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.) A dá AHCI padà, Windows jí, àlọ́ kò dín kan. Ọjọ́ inú rẹ̀ náà ti padà sẹ́yìn. A tún un ṣe kí a tó gba ohùn mìíràn.