Kúlúsọ, Ọdẹ Inú Iyanrìn ní Pápá Àjàó

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ládípọ̀ wọ Pápá Àjàó, ní Múṣin, ariwo àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì àti páàtì mọ́tò ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Ta ló máa rò pé ọdẹ kan lè wà ládùúgbò bẹ́ẹ̀ tí kì í gbé ìbọn, tó jẹ́ pé ẹran ló ń wá bá a nílé?

Kúlúsọ ni o! Bí ẹ bá rí ilé àtijọ́ tí wọn kò tíì da sìmẹ́ńtì sí àgbàlá rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí òjò kì í dé. Kòtò kéékèèké róbótó, tó rí bí àrọ tí ìyá elépo fi ń da epo sínú ìgò, ilé ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yìn ló máa ń fi rìn tó bá ń gbẹ́ ẹ. Ìsàlẹ̀ kòtò ló ń lúgọ sí, tí ẹnu rẹ̀ méjì tó tẹ̀ bíi dòjé á yọ síta. Èèrà tó bá ṣìnà débẹ̀, iyanrìn á yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bó bá ní òun fẹ́ gun òkè padà, kúlúsọ á máa fi orí da iyanrìn lù ú títí yóò fi já bọ́. Á fa omi ara rẹ̀ mu tán, á wá ju èèpo rẹ̀ síta. Ìkà gbáà! Àwọn òyìnbó ń pè é ní kìnnìún àwọn èèrà, àwọn ẹbí rẹ̀ sì wà nínú òkìtì iyanrìn etí òkun káàkiri ayé.

Gbogbo ìgbà èwe rẹ̀, tó lè ju ọdún kan lọ, kì í yàgbẹ́ rárá. Tó bá yá, á fi òwú tó ń ti ara rẹ̀ jáde àti iyanrìn ṣe ilé róbótó, á sì jáde pẹ̀lú ìyẹ́ mẹ́rin bíi lámilámi. Òru ló ń fò. Ẹlòmíràn ti fi bàtà pa á nídìí iná, kò mọ̀ pé kúlúsọ tóun fi ṣeré ní kékeré ni.

Ṣùgbọ́n àwọn onílé ń da sìmẹ́ńtì sílẹ̀ báyìí nítorí ẹrẹ̀. Ta ló fẹ́ ẹrẹ̀ nínú yàrá? Àmọ́ òjò tí ilẹ̀ ń mu tẹ́lẹ̀, gọ́tà nìkan ló kù fún un. Bí gọ́tà bá sì dí, yàrá náà ló ń bọ̀. Kúlúsọ ní tirẹ̀ kò lè gbẹ́ sìmẹ́ńtì. Ọmọdé tó bá fẹ́ fi koríko tọ́ ọ lónìí, àfi kó wá abẹ́ mọ́tò tí wọ́n ti pa tì láti ọjọ́ pípẹ́, níbi tí iyanrìn ti gbẹ, bí ọ́ìlì kò bá tíì dà sí i.