Wọ́n Ní Kí Òtígbà Di Ẹrù

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí mo fi dé ibùdókọ̀ ojú irin Agége. Ìyá kan ti to búrẹ́dì sórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbóná débi pé ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ń làágùn. Mo ra ọ̀kan, mo fi káàdì Cowry kan ẹ̀rọ, mo wọlé. Ojú kọ̀ǹpútà mi ló fọ́, mo fẹ́ gbé e lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Tí mo bá sì ti gbé e sílẹ̀ tán, mo fẹ́ lọ fi ojú ara mi wo Katangowa, ibi tí ìjọba Èkó ti ń sọ láti ayé Gómìnà Fashola pé àwọn oníkọ̀ǹpútà ń kó lọ.

Mo jókòó nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá ti fi mólúè rìn láti Agége dé Ìkẹjà rí ló máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ yẹn. Ọdún 1983 ni Gómìnà Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mẹ́tírò Èkó. Nígbà tó di 1985, ìjọba ológun wọ́gi lé e. Oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọ̀nà yìí, láti Agbádó dé Òyìngbò, oṣù Kẹwàá ló sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Àwọn ọkọ̀ Talgo tí Èkó rà fún un ní 2022 náà ní ìtàn tiwọn: ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe wọ́n fún, òṣèlú dá a rú níbẹ̀, wọn ò sì gbé èrò kankan fún Wisconsin. Ká kúkú ní àpọ́n ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló lọ fẹ́ dálémosú. Ilé ń gún báyìí ná.

Mo sọ̀ ní Ìkẹjà. Ilé gbígbé ni ọ̀pọ̀ ilé òpópónà Òtígbà, ọkàn Computer Village, tẹ́lẹ̀. Àwọn oníkọ̀ǹpútà wọ yàrá ìsàlẹ̀, fóònù alágbèéká dé ní 2001, ọjà kún, ó ya wọ òpópónà Ọlá Ayẹ́ni àti Pepple. Lónìí, àárín òrùlé sí òrùlé ò gba ọkọ̀ panápaná. Ẹni tó bá ní kò yẹ kí ìjọba ṣe nǹkan kan sí i, kò tíì débẹ̀ rí.

Ẹni tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ilé-iṣẹ́ Dunlop ló ti ń ṣe táyà tẹ́lẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìkẹjà ní 1963. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008, ó wá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tí ó lè bí. Ó tú kọ̀ǹpútà mi, ó ń to bóòtì wẹ́wẹ́ sínú ìdérí agolo Milo lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń jáde. Báàfù kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí òjò àná ṣì ń kán sí, tó, tó, tó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe pààrọ̀ páànù yìí?"

"Àbúrò mi, wọ́n ní à ń kó lọ." Kò gbójú sókè. "Lánlọ́ọ̀dù náà ní à ń kó lọ, ìdí tí kò fi tún un ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ owó ilé, kì í rántí pé à ń kó lọ."

Mo bi í bóyá yóò lọ tí wọ́n bá kọ́ ọjà Katangowa tán. Ó ní ẹni tó ti Ìbàdàn wá lè sọ̀ ní Ìkẹjà Along kó fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ òun. Ta ni yóò wá òun lọ sí Katangowa? Ó ní òun ò sì mọ ẹni tó ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn. Ìyẹn kì í ṣe àwáwí. Ní 2019, nígbà tí Ìyálọ́jà gbogbogbòò, Fọláṣadé Tinúbú-Òjó, fi ìyálọ́jà jẹ fún wọn, ọ̀pọ̀ wọn fárígá, wọ́n ní CAPDAN, ẹgbẹ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà, làwọn mọ̀. Ọjà tí kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó jẹ́ olórí rẹ̀, ta ni wọ́n fẹ́ fún ní kọ́kọ́rọ́?

Mo wọ dánfó ní Ìkẹjà Along. Kọ̀ńdọ́ ń pe Ìyánà-Ìpájà bí ẹni ń pe ọmọ tó sọnù. Ní Dópẹ̀mú a dúró fún bíi ìṣẹ́jú ogójì. Mo tún wọ òmíràn, mo sọ̀ ní ibùdókọ̀ Super.

Òkìrìkà ni gbogbo Èkó mọ Katangowa sí, òkìrìkà náà ni mo bá. Ìyá kan ń gbọn ṣòkòtò jíǹsì nínú bélì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, òórùn káńfọ̀ tí wọ́n fi ń lé kòkòrò ta sí mi nímú. Mo béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lulẹ̀ fún ẹ̀rín. "Kọ̀ǹpútà? Ọmọ mi, ṣòkòtò la ní o." Ó wá sọ pé wọ́n ti ní káwọn náà múra, pé àwọn oníkọ̀ǹpútà ń bọ̀ wá gbalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òun ò fi da sìmẹ́ńtì sílẹ̀ ìsọ̀ òun. Tí òjò bá ti rọ̀, orí pátákó lòun ń dúró sí tajà. Mo ra ṣòkòtò kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì mí láti dúró ná an.

Ó tó ìrọ̀lẹ́ kí n tó padà dé Òtígbà. Ojú kọ̀ǹpútà ti mọ́lẹ̀ kedere.

"Ṣé o débẹ̀?"

"Mo débẹ̀, sà."

"Kí lo rí?"

Mo yọ ṣòkòtò náà jáde. Ó gbà á, ó yẹ etí ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó béèrè iye tí mo rà á, ó ní wọ́n rẹ́ mi jẹ. Òjò ti tún bẹ̀rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ sún báàfù náà díẹ̀ sọ́wọ́ òsì, nítorí páànù ti lu níbòmíràn.