Bí Ìjàpá Ṣe Dákẹ́ sí Ìkirè

Ìdána ìbátan mi kan ni a ń lọ ṣe ní Iléṣà, ìlú Ìjẹ̀ṣà òṣèré onílé obì. A kúrò ní Ìbàdàn kí oòrùn tó mú, a gba orí afárá odò Ọ̀ṣun kọjá, a sì dé Ìkirè láìsí wàhálà.

Volkswagen àtijọ́ ni mo ń wà, irú èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìjàpá: Àjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, tí ó gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, tí ó gbé epo bẹntiróòlù síwájú, tí kò bẹ omi lọ́wẹ̀ nítorí pé afẹ́fẹ́ ni ó fi ń tu ara. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú rẹ̀ pọ̀ ní Èkó. Ní Mẹ́síkò ni wọ́n sì ti ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní 2003. Ẹni tí ó bá ṣì ń wà á lónìí, ìfẹ́ ni ó ń bá a gbé.

Ta ni yóò kọjá ní Ìkirè tí kò ní ra dòdò? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n kọjá ààlà, tí ará ibòmíràn ìbá dà nù, ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń pò mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n sì ń dín nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo rà, mo padà, mo yí kọ́kọ́rọ́; ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ń yí, kò fọhùn.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, àwọn agbaninímọ̀ràn ti pé. Ọ̀kan ní bátìrì ni, bí ẹni pé bátìrì tí ó ti kú lè máa yí ẹ́ńjìnnì bí òkòtó. Ọ̀kan ní ooru ni ó dí epo lọ́nà, kí á fi aṣọ tútù bo pọ́ǹpù. Àwọn mìíràn ti wà lẹ́yìn, wọ́n fẹ́ tì í. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan sì ti ń ka ohun tí n ó rà fún mi kí ó tó béèrè ibi tí mo ti ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ó ń dùn mí pé iṣẹ́ mẹkáníìkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òwò pààrọ̀-rẹ̀-wò láàárín wa: a ó yọ èyí tí kò ṣẹ̀, a ó fi èyí tí kò bá a mu rọ́pò rẹ̀, ẹni tí ó ni mọ́tò ni yóò sì sanwó ìdánwò náà.

Bàbá arúgbó kan ni ó dìde láti abẹ́ àtíbàbà. “Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Ẹ kú ìnira.” Ó kí èmi, ó kí aya mi, ó kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì fọwọ́ kan irin títí a fi dáhùn tán.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ pa á, àbí òun ló kú fúnra rẹ̀?”

“Èmi ni mo pa á, Bàbá.”

“Kò wúkọ́ lọ́nà?”

Mo ní ó wúkọ́ díẹ̀ nígbà tí a ń gun òkè.

“Tó bá di òwúrọ̀ ńkọ́, kí ara rẹ̀ tó gbóná?”

“Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń dáhùn, Bàbá.”

Ó mi orí. Ó ní ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì ń tọrọ, iná, epo àti èémí, iná ni a sì ń kọ́kọ́ bi léèrè. Ó yọ wáyà ńlá tí ó ti ara kọ́ìlì wá, ó fi aṣọ gbígbẹ dì í mú, ó gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ irin, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Iná wá, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín, ó pọ́n rúsúrúsú. Kì í ṣe èyí aláwọ̀ aró tí í ró pàù. Ó ṣí ìdérí dísíbíútọ̀, ó yọ rótọ̀, ó ní kí n tún yí i. Bí ẹnu kọ́ńtáàtì ti ń là tí ó ń pa dé, iná ń ta láàárín rẹ̀. Ó pe ọ̀dọ́mọkùnrin nì, láìbá a wí:

“Wá wò ó, ọmọ mi. Iná tó yẹ kó lọ sí pọ́lọ̀ọ̀gì ló ń ṣòfò síbí. Kọ̀ǹdẹ́ńsà ló yẹ kó gbé e mì nígbà tí kọ́ńtáàtì bá là, kí kọ́ìlì lè sọ fóòtì 12 ti bátìrì di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Èyí kì í lè gbé e mì mọ́ tí ara rẹ̀ bá ti gbóná. Tó bá tutù, á tún ṣe bí ẹni tí nǹkan kò ṣe.”

Nínú agolo mílíìkì ni ó ti wá kọ̀ǹdẹ́ńsà àlòkù kan jáde. Súkúrù kan péré ni ó dè é mọ́ra. Ó fi ẹ̀gbẹ́ páálí ìṣáná ha ẹnu kọ́ńtáàtì mọ́, ó fi irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo rẹ̀ sí 0.4 mìlímítà. Ìjàpá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Owó iṣẹ́ ni Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Owó kọ̀ǹdẹ́ńsà nìkan ni ó gbà, ó sì pín in fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó ní ọmọ náà ni ó bá òun di sípánà mú.

Láti ibẹ̀ dé Iléṣà kò ní ìtàn, bí kò ṣe ti àwọn onímọ́tò ńlá tí ń fọn fèrè lé wa nídìí bí ẹni pé àwa ni a gbẹ́ ihò sí ojú títì. Aya mi ní kí a kọ́kọ́ dé ibi ìdána. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara mọ́tò ni a ó kọ́kọ́ yà, nítorí pé àlòkù kò ṣeé fọkàn tán. Ọlọ́jà tí mo bá fẹ́ ta odindi dísíbíútọ̀ fún mi. Mo bi í léèrè ohun tí ó rí. Ó ní, “Ẹ sáà rà á ná, Dádì.” Kọ̀ǹdẹ́ńsà nìkan ni mo rà, lẹ́yìn àríyànjiyàn gígùn, nígbà tí a ó sì fi dé abẹ́ àgọ́, wọ́n ti ṣí ìyàwó lójú, alága ìjókòó bu owó ìtanràn lé mi, ará ilé ọkọ tí ó pẹ́ dé, mo sì san án.