Èédú Ò Mọ Pupa

Tí ẹ bá fẹ́ dá akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà mọ̀ láàárín èrò, ẹ má wulẹ̀ béèrè káàdì. Èékánná ni kẹ́ ẹ wò. Tiwa dúdú bíi tàwọn ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì. A lè fi ọṣẹ àti kànìnkànìn bó o títí, dúdú yẹn á ṣì wà ní kọ̀rọ̀ èékánná lọ́la. Àwa mẹ́rin la jọ ń lo yàrá iṣẹ́ kan, ọdún kẹta la wà, àwòrán ojú èèyàn la sì ń fi èédú yà. Àwọn ará họ́sítẹ́lì ń pè wá ní "eléèédú". Kò bí wa nínú. Èédú la fi ń kẹ́kọ̀ọ́, òun náà la fi ń ra gàrí.

Èédú tí a fi ń yàwòrán àti èyí tí wọ́n fi ń dáná, ìyá kan náà ló bí wọn: igi tó jóná níbi tí atẹ́gùn ò ti ráyè wọlé. Ẹ̀ka igi willow tàbí ti àjàrà ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó ń ti òkè òkun wá. Ó wọ́n. Nítorí náà, a máa ń ṣe tiwa nígbà míì. A ó ṣa ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti gbẹ, a ó tò ó sínú agolo, a ó dé e pa, a ó lu ihò kékeré kan sí ìdérí kí èéfín lè rí ọ̀nà jáde, a ó sì gbé e sínú iná. Bí èéfín bá ti dáwọ́ dúró, ó ti jinná. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣí i ní gbígbóná o. Atẹ́gùn tó bá bá a ní gbígbóná á sọ ọ́ di eérú. Irú èédú yìí rọ̀, ó sì rọrùn láti nù kúrò. Èyí tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n pò mọ́ ohun tó ń gbá a pọ̀, tí wọ́n wá tẹ̀ di ọ̀pá, dúdú jù ú lọ fíìfíì. Tó bá ti mú pépà, kì í fẹ́ kúrò mọ́. A kì í fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹyinjú, ihò imú àti irun la máa ń tọ́jú ẹ̀ dè.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kò sí ohun tó rọrùn tó kéèyàn fi èédú ya èèyàn dúdú. Dúdú nìyí, dúdú nìyẹn, kí ló tún kù? Irọ́ ni. Ẹni tó bá fi èédú kun gbogbo ojú á rí i pé ojú náà pẹlẹbẹ bí ìdí ìkòkò. Ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù dúdú, tó ń fi í kan pépà bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, ojú eléérú ló máa yà. Ìmọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Awọ dúdú máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà: ní iwájú orí, ní orí imú, ní egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní ètè ìsàlẹ̀. Àwọn ibẹ̀ yẹn máa ń tàn yàtọ̀ gedegbe sí ibi tó yí wọn ká. Kì í sì í ṣe ẹfun la fi ń ṣe ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún. Pépà funfun tó wà nísàlẹ̀ ni. A ó fi èédú bo ibẹ̀, a ó fi tíṣù rà á kó dọ́gba, a ó wá mú íréésà tó ṣe é pò bí ẹ̀bà, a ó fi tẹ ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà sí, a ó gbé e sókè. Dúdú á bá a lọ, ìmọ́lẹ̀ á jáde.

Ìgbà tí ọwọ́ wa mọ èyí ni ọ̀rọ̀ kan tí a ti ń gbọ́ láti kékeré tó wá yé wa: adúmáadán. Dúdú wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, dídán náà wà nínú rẹ̀, èkíní ò sì lé èkejì jáde. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti rí ohun tí a ń fi ọdún mẹ́ta kọ́.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló fẹ́ jẹ́ adúmáadán. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pupa díẹ̀." "Ẹ má ṣe mí dúdú tó báyìí o." Ká tó rí fọ́tò gan-an, fílítà fóònù ti fọ ojú náà, ó ti lọ àmì abẹ́ ojú kúrò, ó ti tún imú ṣe. Tí a bá ya ohun tí wọ́n gbé wá bó ṣe rí, ta ni a yà? Ọ̀kan nínú wa ní ohun tí oníbàárà bá fẹ́ ni ká ṣe, owó ilé ò mọ iṣẹ́ ọnà. Òmíràn ní ká dá fọ́tò náà padà. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Owó àwòrán kan lè ra pépà tí a máa lò fún gbogbo sáà.

Àríyànjiyàn yìí ò tíì tán nígbà tí ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu géètì wọlé tọ̀ wá. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló mú dání. Ó ku oṣù kan kí wọ́n ṣe ìrántí ọdún kan. Iná kámẹ́rà ti bu ojú bàbá náà funfun.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ wá jókòó."

"Ẹ wò ó, ẹ má ya bó ṣe wà níbí yìí o. Bàbá wọn ò pupa. Ó dú."

A bi í pé báwo ló ṣe dú tó. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yan aṣọ lọ́jà, ó wá nàka sí ẹni tó dú jù nínú wa. "Bíi ti èyí, ṣùgbọ́n ó tún fi díẹ̀ jù ú lọ. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó làágùn, ńṣe ni iwájú orí ẹ̀ máa ń dán." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Àbígbẹ̀yìn wa ò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tó lọ. Èyí tẹ́ ẹ bá yà yìí ló máa fi mọ bàbá ẹ̀. Mi ò fẹ́ kó mọ ẹlòmíì."

Kò sẹ́ni tó lè fèsì nínú wa. Inú pásípọ́ọ̀tù la ti wọn ojú, imú àti ẹnu. Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? A gbé ọ̀rẹ́ wa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, a fi omi ra iwájú orí rẹ̀, a sì yá ìmọ́lẹ̀ lára rẹ̀. Ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ìyá náà padà wá, ó dúró níwájú àwòrán, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá wọn, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ó nu ojú rẹ̀, ó yíjú sí wa, ó bi wá pé èló ni jálẹ̀, ó sì ná wa dáadáa.

Ohun tí ìyá yẹn béèrè kì í ṣe tuntun. Ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, tí èèyàn pàtàkì bá kú, wọ́n máa ń gbẹ́ àkó fún un: ère tó ga tó èèyàn, tí ojú rẹ̀ jọ ti olóògbé. Wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ olówó ńlá, wọ́n á gbé e yí ìlú ká, kí wọ́n tó sin ín nígbà ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kí ló dé tí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ ti olóògbé? Nítorí ẹni tí wọ́n fẹ́ sin ní í ṣe. Wọn ò fẹ́ sin ẹlòmíì.

Ẹ wo Ifẹ̀ náà. Lọ́dún 1938, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀, ni wọ́n bá kan orí idẹ tó jọ èèyàn bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó rí àwọn yẹn, Leo Frobenius, ọmọ Jámánì, ti rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1910. Kò gbà pé ọwọ́ àwọn baba wa ló ṣe é. Ìlú Atlantis inú ìtàn àwọn Gíríìkì ló ní ó ti wá! Irú èrò yìí náà ni Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, bá pàdé. Àwọn òyìnbó kan gbà pé èèyàn dúdú ò lè ya ojú èèyàn kó jọra. Onabolu ya àwòrán ìyáàfin Spencer Savage lọ́dún 1906, ọdún mẹ́rìnlá gbáko kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1920. Nígbà tó dé, ó fi ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní yíyàwòrán.

Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ fún wa pé fọ́tò ti wà, kí la tún ń yà, èsì wa ò gùn. Kámẹ́rà wo bàbá yẹn fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì bu ojú rẹ̀ funfun. Àwa wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń tọ́ ojú wa sọ́nà.

Láti ìgbà yẹn, a ti fẹnu kò. A lè tún kọ́là ẹ̀wù ṣe fún yín, a lè yọ ẹrù tó wà lẹ́yìn yín kúrò, ṣùgbọ́n a kì í bu ojú. Àwọn oníbàárà kan ti bá ibòmíì lọ nítorí ẹ̀. Oṣù tó kọjá, méjì la pàdánù. Gàrí la mu parí oṣù, a ò purọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí lórí fóònù, ẹ ṣe ohun kan fún wa. Ẹ gbé ìyá tàbí bàbá yín jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láàárọ̀, ẹ pa fílítà, ẹ pa iná kámẹ́rà, kẹ́ ẹ wá ya fọ́tò wọn bí wọ́n ṣe rí. Ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Ẹnì kan lè béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹnì kan tí ò mọ̀ wọ́n rí.