Ohun tí Ojú Rí Gan-an

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, bí mo bá wí fún ọ pé mo ti purọ́ rí lórí ọ̀rọ̀ ẹyẹ, ìwọ yóò rẹ́rìn-ín. Rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ àgbà, èmi àti ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, gbéra láti Àjọwá-Àkókó lọ sí etí adágún omi kan nítòsí Ìkàrẹ́. Ọjọ́ méjì péré ni a ní. Ẹyẹ kan ṣoṣo ni a ń wá, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní jákánà. Ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, iwájú ọrùn rẹ̀ funfun, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń rìn lórí ewé òṣíbàtà láìrì. Mo ti ṣèlérí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan nílé pé n ó mú ìròyìn rẹ̀ bọ̀.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, lékeléke nìkan ni a rí títí oòrùn fi ń wọ̀. Nígbà náà ni nǹkan pupa kan fò wọ inú koríko. Kíá ni mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé, “A rí jákánà kan.” Ọmọ náà wò mí, ó ní, “Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹ́ nìkan ni mo rí o. Ṣé ẹ̀yin rí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni?” Èmi tí mo ti na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, n kò rí èsì fọ̀.

Má ṣe wí pé irọ́ bẹ́ẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Láti ọdún 1967 ni àwọn ènìyàn ní oríṣìíríṣìí ilẹ̀ ti ń ka ẹyẹ omi ní oṣù kìn-ín-ní ọdún. Ní ọdún 1971, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní ìlú Ramsar, ní ilẹ̀ Iran, láti dáàbò bo ilẹ̀ olómi. Irú àkọsílẹ̀ ẹyẹ bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tí a fi ń mọ ilẹ̀ tí ó yẹ kí a ṣọ́. Wo ẹyẹ ńlá ẹlẹ́sẹ̀ gígùn nì, tí ìyẹ́ orí rẹ̀ dàbí adé, tí a kà sí ẹyẹ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó ti ṣọ̀wọ́n gidigidi ní ilẹ̀ wa. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá purọ́ pé àwọn rí i, ta ni yóò sáré gbà á là?

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, mo fa ìlà pa gbólóhùn náà níṣojú ọmọ náà. A jókòó jẹ́ẹ́ létí omi. Nígbà tí oòrùn gòkè díẹ̀, jákánà jáde, ó ń rìn lórí òṣíbàtà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́. Òjìji àwòdì kọjá lórí omi. Ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́, ó sì gbé wọn lọ. Ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín nìkan ni a rí tí ń fì. Baba wọn ni, nítorí nínú irú ẹyẹ yìí, akọ ni í sàba lé ẹyin, òun náà ni í tọ́ ọmọ.

Nígbà tí mo padà délé, mo fi gbólóhùn méjèèjì han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, èyí tí mo pa rẹ́ àti èyí tí mo kọ ní òwúrọ̀. Èyí tí mo pa rẹ́ ni wọ́n bi mí léèrè jù.

Òǹkàwé mi, irọ́ ì báà lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Kọ ohun tí ojú rẹ rí. Èyí tí o kò rí, fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí o sì tún padà lọ wò ó.