Iyè Ẹ̀rọ, Iyè Ìlú

Ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ sàn ju ẹni tó ń rántí rẹ̀ lódì lọ. Ẹni tó gbàgbé yóò ní òun kò mọ̀, a ó sì wá ẹlòmíràn bi. Ẹni tó ń rántí lódì yóò sọ tirẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú, a ó sì gbà á gbọ́. Ohun tí ẹ̀rọ kan kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn, a sì rò pé yóò wúlò fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Àwa olùkọ́ mélòó kan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní agbègbè Kétu ni a fọwọ́ ara wa to kọ̀ǹpútà náà. Owó tí a dá jọ kò tó ra odindi tuntun. Nítorí náà ni a ṣe ra ẹ̀yà ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: carte mère, alimentation, díìsìkì, àti barrette àlòkù méjì, èyí tí í ṣe iyè ẹ̀rọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba gígábáìtì 8. Iṣẹ́ tí a fẹ́ fi í ṣe ni títọ́jú ohùn àwọn àgbà: oríkì orílẹ̀, ìtàn ìdílé, àti orin ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ara ogún gbogbo ayé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi fóònù gba ohùn sílẹ̀, wọ́n ń dà á sínú kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní lẹ́tà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni a rí àmì àìsàn. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ a dákẹ́ lójijì. Àkójọ zip tó ṣí lánàá a kọ̀ láti ṣí lónìí. Èyí tó bà wá lẹ́rù jù ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ka oríkì tó ti kọ, ó rí i pé níbi tí bàbá àgbà ti pe “ọba”, “ọfa” ló wà níbẹ̀. Ó ní òun kò tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ló sọ.

Kí ló lè sọ ọba di ọfa? Nínú kọ̀ǹpútà, àkójọ 0 àti 1 ni lẹ́tà. “b” ni 01100010. “f” ni 01100110. Àmì kan ṣoṣo ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Inú ihò tíntìntín kan tó ń gba iná mànàmáná pamọ́ ni àmì kọ̀ọ̀kan ń gbé. Robert Dennard ti ilé-iṣẹ́ IBM ló gba ìwé-àṣẹ lórí irú iyè yìí ní 1968. Ihò náà ń jò bí ìkòkò tó sán, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ máa bu iná kún un kí ìdá 64 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan tó kọjá. Barrette gígábáìtì 8 ní irú ihò bẹ́ẹ̀ tó lé ní bílíọ̀nù 68. Bí ẹyọ kan bá bàjẹ́ nínú wọn, àmì rẹ̀ lè yí padà, ẹ̀rọ kò sì ní mọ̀.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n a ní láti kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀tẹ̀. Díìsìkì la kọ́kọ́ fura sí. A mú fáìlì gígábáìtì 20, tí iyè ẹ̀rọ kò lè gbà tán lẹ́ẹ̀kan, a ní kí ẹ̀rọ ṣírò àmì ìdánimọ̀ SHA-256 rẹ̀ nígbà mẹ́wàá. Fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn gbọ́dọ̀ mú àmì kan náà wá nígbà gbogbo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni tirẹ̀ yàtọ̀. A gbé díìsìkì náà sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, a tún un ṣe: mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bára mu. Díìsìkì jàre. A yá alimentation mìíràn, nítorí iná tí kì í dúró sójú kan. A gbá eruku ọyẹ́ kúrò, nítorí ooru. Ìyàtọ̀ kò sí. A wọ inú BIOS, a dín eré barrette kù: àṣìṣe dín kù, kò tán. Iyè ni ọ̀nà wá ń tọ́ka sí.

A fi Memtest86+ sórí clé USB. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ kí Windows tàbí Linux tó jí. Ó ń kọ òǹkà sínú ihò, ó ń kà á padà, ó sì ń fi ìlà pupa hàn bí ohun tó kà bá yàtọ̀ sí ohun tó kọ. A jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú, nítorí àṣìṣe mìíràn kì í fara hàn ní ìyípo àkọ́kọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìlà pupa mọ́kànlá wà lójú ẹ̀rọ, àdírẹ́sì gbogbo wọn sì súnmọ́ra. A yọ barrette méjèèjì, a fi gọ́ọ̀mù rọra nu ẹnu wọn, a sì dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò ní àyè kan náà. Ti àkọ́kọ́ mọ́ tónítóní. Ti kejì tún pupa. A fi èyí tó mọ́ sí àyè kejì: ó mọ́ síbẹ̀. Carte mère kò lẹ́bi. Barrette kejì ni.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ tálákà nìkan. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Google àti Yunifásítì Toronto gbé jáde ní 2009 fi hàn pé láàárín ọdún kan, ó ju ìdá 8 nínú 100 lọ nínú àwọn barrette ẹ̀rọ Google tí àṣìṣe ṣẹlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní iyè ECC, tó ń fi àmì ẹlẹ́rìí kún ọ̀rọ̀, kí àmì kan tó bá yí padà lè di títúnṣe. Richard Hamming ló tẹ ìmọ̀ náà jáde ní 1950. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà inú ilé kò ní in.

Yíyọ barrette kò gbà wá ní ìṣẹ́jú kan. Ìbéèrè tó kù ló wúwo: èwo ni kí a gbà gbọ́ nínú ohun tí a ti kó pamọ́? Ohùn mọ́kànlélógójì ni. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣì wà nínú fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́. A tún dà wọ́n, a sì fi ìwé wé ohùn, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Nínú mẹ́jọ tó kù, àwọn àgbà mẹ́fà ṣì wà láyé, wọ́n sì gbà láti tún sọ̀rọ̀. Méjì ti re ibi àgbà ń rè. Ohùn ọ̀kan ṣì ń dún, bó tilẹ̀ ń já. Ti èkejì kò ṣí mọ́, ìwé rẹ̀ nìkan ló kù.

Àwọn kan nínú wa ní kí a fi òye tún ìwé náà ṣe. Ṣùgbọ́n ìdílé ọdẹ ni ti bàbá náà. Bí a bá rí “ọfa” níbẹ̀, ta ni yóò sọ bóyá ọba ni, tàbí ọfà tí àmì ohùn bọ́ lórí rẹ̀? A pinnu pé a kò ní yí lẹ́tà kan padà láìsí ẹlẹ́rìí. A kọ “kò dá wa lójú” sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ibi tó rú wa lójú.

Ní Kétu, Baba Elegun ló ń ka ìtàn ìlú nígbà tí Alákétu tuntun bá ń gorí oyè. Ìdílé kan ló ń jogún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò dá kà á nínú yàrá. Etí ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ wa kò ní nìyẹn, àwa la sì gbọ́dọ̀ fún un. Ẹ dán iyè ẹ̀rọ wò kí ẹ tó fi ohùn àkọ́kọ́ sínú rẹ̀. Ẹ kọ SHA-256 ohùn kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ní ọjọ́ tí ẹ gbà á. Ẹ má pa ti inú fóònù rẹ́ títí ẹ ó fi ní ẹ̀dà méjì mìíràn, ní ibi méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí ẹ kọ sí etígbọ̀ọ́ ìdílé tó ni ín.

A ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé bàbá ọdẹ náà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Títí di òní, ibi méje ló ṣì ní àmì lẹ́gbẹ̀ẹ́.