Bí Mo Ṣe Kọ́ Ọ̀nà Afẹ́fẹ́ Dánfó

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mushin, ọ̀gá mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kábúrétọ̀. Tèmi ni kí n fi kẹrosíìnì fọ sípánà, kí n sì máa tú àsẹ́ afẹ́fẹ́ kúrò lára dánfó Volkswagen tí wọ́n bá gbé wá. Àsẹ́ náà kì í ṣe oníbébà bíi ti ìsinsìnyí. Agolo dúdú ńlá ni, ọ́ìlì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì bá fà á kọ́kọ́ gba ojú ọ́ìlì kọjá, eruku á rì síbẹ̀, kó tó bọ́ sí kábúrétọ̀. Bí mo bá gbé e, á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ́ìlì á ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Ọ̀gá ò ní sọ̀rọ̀. Á nawọ́ sí ìgbálẹ̀.

Àwọn họ́ọ̀sì tó so mọ́ àsẹ́ náà ló dà mí láàmú jù. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyẹn, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń gbógun ti òtútù ní Yúróòpù ṣì wà lára wọn. Ọ̀gá á tọ́ka sí ọ̀kan: “Kí lèyí ń ṣe?” Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, n kò gbọdọ̀ tú u. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé èyí tó nípọn ń gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ṣílíńdà, kí yìnyín má baà dì sínú kábúrétọ̀. Èyí tó tín-ín-rín, tó wá láti ọrùn ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí, èéfín inú ẹ́ńjìnì ló ń kó padà lọ jó.

Ta ló ń retí yìnyín l'Ékòó? Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì lágbára, pàápàá bí ìlẹ̀kùn kékeré inú àsẹ́ bá ti dípẹtà sójú kan. Ọ̀gá á yọ họ́ọ̀sì tó nípọn, á ní kí n gé agolo mílíìkì, kí n fi fáìlì rẹ́ etí rẹ̀, kí n fi dí ojú ihò tó fi sílẹ̀ pinpin. Kò yọ èyí tó tín-ín-rín rí.

Awakọ̀ míì á ní, “Ọ̀gá, ẹ yọ àsẹ́ yẹn dànù, kí ọkọ̀ lè sáré.” Ọ̀gá á ṣí agolo náà, á fìka wa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn án. “Ṣé inú ṣílíńdà lo fẹ́ kí èyí wọ̀?” Ọ̀rọ̀ parí.

Gbígbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì ló pẹ́ kí n tó mọ̀. Ọ̀gá á ní kí n kẹ̀yìn sí ọkọ̀, á fi ọ́ìlì kíki kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá tí wáyà asẹ́lérétọ̀ ń yí. Bí ohùn bá yí padà, ọ̀pá ti jẹ, afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé níbi tí àsẹ́ ò sí. Lọ́jọ́ kan mo ṣáájú rẹ̀: “Ọ̀gá, ọ̀pá yìí ti jẹ o.” Kò yìn mí. Ó fi súkúrúdíráfà lé mi lọ́wọ́, ó sì lọ jẹun. Mo yí súkúrù kékeré ara kábúrétọ̀ wọlé títí ẹ́ńjìnì fi fẹ́ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, mo dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi balẹ̀. Mo wá fi èyí tó tóbi tún síló rẹ̀ ṣe, ìyẹn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí nígbà tí ọkọ̀ bá dúró: nǹkan bí ìyípo 850 ní ìṣẹ́jú kan, etí la fi ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní irú ọkọ̀ yìí, ẹ máa fọ agolo yẹn lóòrèkóòrè nígbà ọyẹ́. Ẹ rọ ọ́ìlì tuntun dé ojú àmì rẹ̀. Bó bá kọjá ibẹ̀, ẹ́ńjìnì á fà á mu.